Ẹyẹ mẹ́rin ti forí sọ dígí fèrèsé wa láàárín ọ̀sẹ̀ méjì: kí ni ó fà á, ṣé ó sì ní ìtumọ̀?

Ìyá Ilé Tuntun, Àjàṣẹ́:

Ẹ̀yin ará mi, àgbà àti èwe, mo kí yín o. Mo bẹ̀ yín pé kí ẹ má fi ojú ọ̀rọ̀ kékeré wo ohun tí ó gbé mi wá síbí, nítorí pé ó ti fẹ́ di ìjà nínú ilé wa.

Oṣù Kẹsàn-án ọdún yìí ni a kó wọ ilé tí ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ parí lẹ́yìn ìlú, ní ọ̀nà Àjàrá. Fèrèsé pákó ni ilé tí a ti kó jáde ní. Dígí ńláńlá ni ti èyí, irú èyí tí ó ń dán bí omi, tí ẹni tí ó wà níta kò lè rí inú ilé, tí ó jẹ́ pé ara rẹ̀ ni yóò máa wò níbẹ̀. Igi máńgòrò kan tí a kò gé wà níwájú pálọ̀, kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ sí fèrèsé. Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ni ẹyẹ ti ń wá kú sí ìdí fèrèsé yìí: àdàbà mẹ́ta, àti ẹyẹ kékeré kan tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ewé tí ó ń pọ́n, tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò mọ orúkọ rẹ̀.

Ìkẹta nínú wọn ṣẹlẹ̀ níṣojú mi. Mo ń ṣa ìrẹsì lọ́wọ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tí mo gbọ́ ìró kan, gbì, bí ẹni pé ọmọdé ju bọ́ọ̀lù mọ́ ara ilé. Nígbà tí mo jáde, mo bá àdàbà kan nílẹ̀, ó la ẹnu, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ wà ní ihò imú rẹ̀, ojú rẹ̀ kan sì ti pa dé. Ohun tí mo rí lára dígí ni ó dẹ́rù bà mí jù. Àwòrán ẹyẹ náà dúró síbẹ̀ ní funfun, apá rẹ̀ méjèèjì nà, ìyẹ́ rẹ̀ hàn lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tí ènìyàn fi ẹfun yà á.

Ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni ara ọmọ mi kejì gbóná. A gbé e lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, wọ́n ní ibà ni, ó lo oògùn, ara rẹ̀ sì ti yá. Ṣùgbọ́n kí ara rẹ̀ tó yá, obìnrin kan nínú ẹbí ọkọ mi ti sọ ọ́ ní gbangba pé ẹyẹ tí ó ń kan fèrèsé kì í ṣe ẹyẹ lásán, pé ẹnì kan ni ó ń rán an. Gbogbo wa ni a mọ ẹni tí ó ń bá wí. Ìyá ni, ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ mi, opó tí kò bímọ, tí ó ti ń bá wa gbé láti ọdún mẹ́ta. Láti ọjọ́ náà ni àwọn ọmọ kò ti gba oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ìyá kò sọ nǹkan kan. Ẹ̀yìn ilé ni ó ń jókòó sí láti àárọ̀ di alẹ́.

Kí ni ó ń mú ẹyẹ ṣe báyìí? Ṣé ó ní ìtumọ̀ tí ó yẹ kí ẹ̀rù bà wá ni? Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tí ó bá mọ̀ ni kí ó dá mi lóhùn.

Olùkọ́ Kétu:

Ìyá wa, ẹ kú oríire ilé tuntun, ẹ sì kú ewu ọmọ. Ẹ̀kọ́ nípa àwọn ohun abẹ̀mí ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan níhìn-ín, nítorí náà apá àkọ́kọ́ nínú ìbéèrè yín ni n ó mú.

Ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ara yín lóhùn. Ẹ ní dígí yẹn ń dán bí omi, ẹ ní ẹni tí ó bá wà níta, ara rẹ̀ ni yóò máa wò níbẹ̀. Bí ènìyàn bá rí ara rẹ̀, kí ni àdàbà tí ó bà sórí igi máńgòrò yóò rí? Igi máńgòrò kejì ni yóò rí, pẹ̀lú ojú ọ̀run lẹ́yìn rẹ̀. Ní èdè wa, dígí ni a ń pe èyí tí a fi ń wojú, dígí náà ni a sì ń pe èyí tí a fi sí ojú fèrèsé, bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó sì rí lójú ẹyẹ. Àwa mọ̀ pé dígí wà níbẹ̀ nítorí pé a rí férémù rẹ̀, a sì ti mọ̀ ọ́n láti kékeré, síbẹ̀ ènìyàn ńlá a máa forí gbá ilẹ̀kùn dígí. Ẹyẹ kò kọ́ irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ rí. Nínú igbó, kò sí ohun tí ó le bí òkúta tí ó tún mọ́ gaara bí afẹ́fẹ́. Àwọn àgbà wa sọ pé ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kanra, òdodo sì ni, ṣùgbọ́n ojú ọ̀run ni wọ́n wí, wọn kò wí ti àwòrán ojú ọ̀run.

Ohun kejì ni ibi tí Ọlọ́run fi ojú ẹyẹ sí. Ojú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹyẹ wà ní ẹ̀gbẹ́ orí, kì í ṣe níwájú bíi tiwa. Èyí ni ó ń jẹ́ kí àdàbà rí àṣá tí ó ń yọ́ bọ̀ láti ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí ó fi bẹ́ẹ̀ lè díwọ̀n bí ohun tí ó wà ní ọ̀kánkán rẹ̀ ti jìnnà tó. Bí àṣá bá wá lé e kúrò lórí igi yín, eré àsápajúdé ni yóò sá, ọ̀nà tí ó sì dà bí ẹni pé ó ṣí sílẹ̀ jù ni yóò gbà. Ìṣísẹ̀ mẹ́wàá yẹn tó fún un láti fi gbogbo agbára rẹ̀ kọlu dígí. Bí igi bá sún mọ́ fèrèsé gan-an, bí mítà kan péré, ìpalára a máa dín kù, nítorí pé ẹyẹ kò tíì kó eré jọ kí ó tó dé ibẹ̀.

Ní ti àwòrán funfun yẹn, ẹ má jẹ́ kí ó dẹ́rù bà yín. Lẹ́búlẹ́bú kan wà tí ó máa ń bo ìyẹ́ àdàbà àti ti ẹyẹlé. Bí ẹ bá di ẹyẹlé mú, ẹ ó rí i ní ọwọ́ yín. Òun ni ó kù sára dígí nígbà tí ara ẹyẹ náà gbá a. Bí ẹ bá fi aṣọ tútù nù ún, yóò lọ.

Ẹyẹ kékeré kẹrin yẹn lè jẹ́ àlejò. Bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí oṣù Kẹsàn-án, àìmọye ẹyẹ ni ó máa ń kúrò ní Yúróòpù nítorí òtútù, tí wọ́n máa ń sọdá aṣálẹ̀ Sàhárà wá sí ọ̀dọ̀ wa, tí wọn kì í padà títí di nǹkan bí oṣù Kẹrin. Ìtòsí irú ibi tí wọ́n ń sọ̀ sí ni ẹ ń gbé: ọ̀sà Àjàṣẹ́, adágún Nokoué àti ìsàlẹ̀ odò Ouémé wà lára àwọn ilẹ̀ olómi tí a forúkọ wọn sílẹ̀ lábẹ́ àdéhùn Ramsar, àdéhùn àgbáyé tí ó wà fún ìdáàbòbò ilẹ̀ olómi, ní ọdún 2000. Òru ni púpọ̀ nínú àwọn ẹyẹ kéékèèké wọ̀nyí fi ń rìn, ìràwọ̀ sì wà lára ohun tí wọ́n fi ń mọ ọ̀nà. Iná tí ó mọ́lẹ̀ rekete láti inú ilé a máa tàn wọ́n, a sì máa fà wọ́n sún mọ́ dígí. Ní ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà, ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,000 ẹyẹ tí ó kú lóru ọjọ́ kan ṣoṣo sí ìdí ilé ńlá kan tí ó wà létí adágún Michigan, tí wọ́n ń pè ní McCormick Place. Kò sí ẹni tí ó ránṣẹ́ sí ẹnì kankan lóru náà. Àsìkò ìṣíkiri ni, ojú ọjọ́ kò dára, iná ń tàn, dígí sì pọ̀. Nígbà tí wọ́n fi àwọn àmì tó-tò-tó lẹ dígí ilé náà ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ikú náà dín kù gidigidi.

Ọ̀gbẹ́ni Daniel Klem ti ń ṣe ìwádìí ọ̀rọ̀ yìí ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1974. Ìṣirò kan tí àwọn onímọ̀ mìíràn gbé jáde ní ọdún 2014 sọ pé, ní orílẹ̀-èdè yẹn nìkan, láàárín mílíọ̀nù 365 sí mílíọ̀nù 988 ẹyẹ ni ó ń kú sára dígí ilé lọ́dọọdún. Bí ó bá jẹ́ pé iṣẹ́ burúkú ni ẹyẹ kọ̀ọ̀kan ń jẹ́, ìdílé kan kì bá tí ṣẹ́ kù níbẹ̀.

Ọ̀tọ̀ ni ẹyẹ tí ó ń padà wá sí ojú dígí kan náà lójoojúmọ́, tí ó ń ṣá a lẹ́nu, kò, kò, kò. Akọ tí ó ń ṣọ́ ààlà rẹ̀ ní àsìkò ìbímọ ni ìyẹn sábà máa ń jẹ́. Ó rí akọ mìíràn nínú dígí, ó sì fẹ́ lé e lọ. Irú ẹyẹ kékeré kan tí ń fa oje òdòdó, tí ẹnu rẹ̀ rí tín-ín-rín tí ó sì tẹ̀, bá ara rẹ̀ jà lójú dígí alùpùpù mi fún odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìgbà tí mo fi ọ̀rá bo dígí náà ni ó tó sinmi.

Ọmọ Àdúrà, Àjàṣẹ́:

Ọ̀gá olùkọ́, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo nǹkan ni ìwé ń ṣàlàyé. Ẹyẹ mẹ́rin ní ọ̀sẹ̀ méjì, àìsàn sì tẹ̀ lé e. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ẹ má ṣe fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Àwọn baba wa kò ṣàdédé sọ pé àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ.

Bàbá Ẹlẹ́fẹ̀, Kétu:

Ọmọ mi tí ó kọ ìwé kẹ́yìn, mo gbọ́ ọ. Mo ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, agbo Ẹfẹ̀, àwọn olórin òru Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ni mo sì dàgbà sí, nítorí náà jẹ́ kí n dá sí ọ̀rọ̀ ẹyẹ àti ọ̀rọ̀ àwọn ìyá, nítorí pé ọ̀rọ̀ ilé wa ni.

Èmi kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé ẹyẹ kò ní ìtumọ̀ nínú àṣà wa. Ẹni tí ó bá ti wo igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ère tí oníjó rẹ̀ ń gbé sórí, dáadáa ti rí ẹyẹ lórí rẹ̀, ó sì mọ ìdí tí a fi gbẹ́ ẹ síbẹ̀. Agbára àwọn ìyá wa ni a fi ẹyẹ ṣàpẹẹrẹ. Ṣùgbọ́n kí ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́ fúnra rẹ̀ wà fún? A kò dá a sílẹ̀ láti fi wá ìyá arúgbó kiri. A dá a sílẹ̀ láti kẹ́ ìyá, láti kí i, láti fi orin àti ijó tù ú lójú, kí ìlú lè tòrò. Nígbà tí UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní ọdún 2001 gẹ́gẹ́ bí ogún tí ó jẹ́ ti gbogbo ayé, ìbọ̀wọ̀ fún ìyá ni wọ́n rí nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá fi ẹyẹ ṣe ẹ̀rí láti ba ìyá àgbà lórúkọ jẹ́ ti yí àṣà Kétu po.

Ẹ jẹ́ kí a tilẹ̀ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò bí àwọn àgbà ti ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹyẹ tí wọ́n ń bẹ̀rù yẹn, òru ni wọ́n sọ pé ó ń rìn. Wọ́n sọ pé ó ń rí ohun tí ojú ènìyàn kò rí, pé ilẹ̀kùn kì í dí i lọ́nà. Báwo ni irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀ yóò ṣe fi orí sọ dígí ní ọ̀sán gangan, tí ẹ̀jẹ̀ yóò yọ ní imú rẹ̀, tí yóò sì kú bí àdìẹ tí ọkọ̀ gbá? Èyí tí kò rí dígí, ibo ni yóò ti rí kádàrá ọmọ ẹlòmíràn? Ẹyẹ mẹ́rin ni ó wá, ibà kan ni ó ṣe ọmọ. Mẹ́ta yòókù, ta ni wọ́n wá pa? Àwọn ọmọ tí ibà ṣe ní gbogbo Àjàṣẹ́ lọ́sẹ̀ náà, ṣé ẹyẹ kan fèrèsé gbogbo wọn ni?

Òwe tí o pa, mo mọ̀ ọ́n, mo sì ti fi ṣẹ́jọ́ rí. Ibi tí a ti gbọ́ ìhalẹ̀ lẹ́nu ẹnì kan tí ohun tí ó wí sì ṣẹ ni a ti ń pa á. Kí ni Ìyá yìí ké? Ta ni ó halẹ̀ mọ́? Ó ti bá wọn gbé fún ọdún mẹ́ta nínú ilé onífèrèsé pákó, ẹyẹ kan kò kú. Dígí dé, ẹyẹ ń kú. Bí a bá ń wá ẹni tuntun nínú ilé, dígí ni ẹni tuntun.

Ìyàwó wa, mo fẹ́ kí ìwọ àti ọkọ rẹ bi ara yín léèrè òótọ́ kan. Ká ní Ìyá yìí bí ọmọ mẹ́fà tí wọ́n ń gbé ní Kutọnu, tí wọ́n ń fi owó ránṣẹ́ sí i, ṣé òun ni ẹnu ẹbí ìbá kọ́kọ́ bà? Ẹnì kan ní àdúgbò wa nígbà èwe mi, irú ọ̀rọ̀ báyìí ni wọ́n sọ sí i títí tí kò fi jáde sí ọjà mọ́. Kò pẹ́ tí ó fi kú. A kò rí ohun kan tí a lè fi sọ pé ó ṣẹ̀, a sì ti sin ín kí a tó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dùn mí. Kí ọkọ rẹ lọ bá Ìyá lẹ́yìn ilé lálẹ́ òní, kí ó kúnlẹ̀ níwájú àwọn ọmọ, kí àwọn ọmọ sì jẹ nínú àwo rẹ̀.

Oníṣẹ́ Dígí, Ṣábẹ:

Mo kí Bàbá, mo kí ọ̀gá olùkọ́. Iṣẹ́ alumíníọ̀mù àti dígí ni mo ń ṣe, mo sì ti fi irú dígí tí ìyá wa ń wí yìí sí ọ̀pọ̀ ilé. Àwọn oníbàárà fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé ó ń lé oòrùn, kò sì jẹ́ kí ẹni tí ń kọjá rí inú ilé. Ní Ṣábẹ níhìn-ín, gbogbo òkè ìlú ni ó máa ń hàn nínú rẹ̀ láàárọ̀, ó sì lẹ́wà púpọ̀. Ó ti pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ẹyẹ ń kú sí i, nítorí pé ológbò máa ń gbé wọn lọ kí ilẹ̀ tó mọ́ tán.

Ẹ má gé igi máńgòrò yín. Àmì ni kí ẹ fi sára dígí, ara òde ni kó sì wà, nítorí pé bí ẹ bá fi sí inú, àwòrán igi yóò bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ fi ọ̀dà funfun tò ó ní tó-tò-tó káàkiri gbogbo ojú dígí, kí àlàfo láàárín àmì kan àti èkejì má ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ, ní òró àti ní ìbú. Bí ó bá fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, ẹyẹ kékeré yóò rò pé òun lè gba ibẹ̀ kọjá. Àwòrán àṣá kan ṣoṣo tí àwọn kan máa ń lẹ̀ sí àárín dígí kò wúlò, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ẹyẹ yóò gbà. Kọ́tìnì inú ilé kò sì lè yanjú rẹ̀, nítorí pé ara òde ni àwòrán igi ti ń hàn.

Bí ẹ kò bá fẹ́ ọ̀dà, ẹ ta okùn tẹ́ẹ́rẹ́ sí òkè fèrèsé níta, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n rọ̀ dé ìsàlẹ̀, kí okùn kan jìnnà sí èkejì ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 10. Èyí tí mo fẹ́ràn jù fún ìlú wa ni àwọ̀n ẹ̀fọn. Bí ẹ bá na àwọ̀n sí òde dígí, kí ó le dáadáa, kí ó má sì lẹ̀ mọ́ dígí, ẹyẹ tí ó bá kọlù ú yóò kàn ta padà ni. Ó sì tún kan ọ̀rọ̀ ibà tí ẹ sọ, nítorí pé ẹ ó lè ṣí fèrèsé yín sílẹ̀ lálẹ́.

Bí ẹyẹ kan bá tún ṣubú, tí ó ṣì ń mí, ẹ fi aṣọ gbé e sínú páálí tí ẹ dá ihò sí lára, ẹ pa á dé, ẹ gbé e sí ibi tí kò sí ariwo tí ológbò kò lè dé. Ẹ má rọ omi sí i lẹ́nu, ẹ má fún un ní oúnjẹ. Lẹ́yìn bí wákàtí kan tàbí méjì, ẹ gbé e lọ síta kí ẹ sì ṣí i. Mo gbọ́dọ̀ sọ pé àwọn mìíràn a máa fò lọ kí wọ́n sì kú níbòmíràn, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ ti ń dà nínú orí wọn, nítorí náà ẹ má gbà pé fèrèsé yín kò léwu nítorí pé ẹyẹ dìde.

Ìyá Ilé Tuntun, Àjàṣẹ́:

Mo padà wá dúpẹ́, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé.

Mo ka ìwé Bàbá Ẹlẹ́fẹ̀ sí ọkọ mi létí. Kò sọ ohun kan fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ni ó bọ́ bàtà rẹ̀ tí ó sì lọ sí ẹ̀yìn ilé. Èmi kò tẹ̀ lé e. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nígbà tí mo gbé ọbẹ̀ kalẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, Ìyá wà láàárín wa, ọmọ mi kejì sì ni ó bu òkèlè àkọ́kọ́ nínú àwo rẹ̀. Ní ti obìnrin tí ó sọ ọ̀rọ̀ yẹn, kò tíì tọrọ àforíjì, mo sì ti sọ fún un pé kó tó tún bọ́ sí ilé mi, yóò kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ Ìyá.

Ọ̀dà funfun ni a lò fún fèrèsé iwájú. Àwọn ọmọ ni ó tò ó, wọ́n fi rúlà ìwé wọn wọn sẹ̀ǹtímítà 5, Ìyá sì ń wò wọ́n, ó ń sọ fún wọn ibi tí ó ti wọ́. Ẹyẹ kankan kò tíì gbá a láti ọjọ́ mọ́kànlélógún. Ṣùgbọ́n ní àná, àdàbà kan gbá ti ẹ̀yìn ilé, èyí tí a kò tíì kùn. Ìyá ni ó gbé e. Páálí bàtà ni ó fi í sí, ó fi ìró rẹ̀ bò ó, ó jókòó tì í, kò sì jẹ́ kí ọmọ kankan ṣí i wò. Nígbà tí ó di nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ó gbé e dé ìdí igi máńgòrò ó sì ká aṣọ náà kúrò. Àdàbà náà dúró díẹ̀ lẹ́nu páálí, ó ju orí lẹ́ẹ̀mejì, ó sì fò gba orí òrùlé aládùúgbò lọ.

Ọ̀dà kù nínú agolo. Ní Sátidé ni a ó kùn fèrèsé ẹ̀yìn.